Kí Ni Ó Fi Kún Ohun Tí A Ti Ní? Onírúurú Ewéko àti Ètò Ìdáàbòbò Lẹ́kùnjẹkùn Nínú Irà Onípíìtì Ilẹ̀ Fínlándì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń yan irà tí ó yẹ kí a dá sí ní ilẹ̀ Fínlándì, níbi tí irà onípíìtì ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wọn. A fi hàn pé kíka iye irú ewéko tí ó wà nínú irà kọ̀ọ̀kan kò tó láti fi yan èyí tí a ó dáàbò bò, àfi kí a wo gbogbo ẹkùn pọ̀, kí a sì wo ibi tí omi irà náà ti ń wá. A tún dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ tí olùkọ́ lè lò fún ẹ̀kọ́ yìí.

Kókó ọ̀rọ̀: irà, píìtì, onírúurú ewéko, ìdáàbòbò, Fínlándì

Ìfáàrà

Bí a bá mú akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan dé etí irà méjì, tí a ní kí ó sọ èyí tí ó yẹ kí ìjọba dáàbò bò, ó ṣeé ṣe kí ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe jẹ́ kíka irú ewéko tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí irú ewéko rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò mú. A kò lè bá a wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ ọ: a ní kí ó gbé férémù onígun mẹ́rin kalẹ̀ lórí koríko, kí ó ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì sún síwájú. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí odindi ẹkùn kan bá tẹ̀lé ọ̀nà yìí nìkan, wọ́n lè dá irà púpọ̀ sí kí wọ́n sì tún pàdánù ewéko púpọ̀.

Fínlándì, ní ìhà àríwá Yúróòpù, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ń ka ewéko irà, tí wọ́n sì ń yà á sórí máàpù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ náà sì ti ba púpọ̀ nínú irà yìí kan náà jẹ́. A lè rí ìpinnu àti àbájáde rẹ̀ papọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń béèrè ohun tí ó kan olùkọ́ Nàìjíríà nínú irà ilẹ̀ olótùútù, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ olómi, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Ìráànì ní 1971, de àwa náà láti 2001. Àdéhùn kan náà ni àwa àti Fínlándì jọ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí orúkọ

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ilẹ̀ tí omi jókòó sí: irà, àbàtà, àkùrọ̀, ẹrẹ̀, ẹrọ̀fọ̀. Kò sí èyí tí ó sọ pé ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ òkú ewéko láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń sọ gan-an nìyẹn. Nítorí náà a yá ọ̀rọ̀ náà lò, a pè é ní píìtì, a sì pe ibi tí ó wà ní irà onípíìtì. Mọ́ọ̀sì ni a pe ewéko kúkúrú, rírọ̀, tí ó máa ń tẹ́ bí ẹní sí ìdí àmù àti ara ògiri tí omi ń kán sí. Fún oríṣi irà méjì tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, a dábàá irà òjò fún èyí tí ó jẹ́ pé omi òjò àti yìnyín nìkan ni ó ń mu, àti irà ìsun fún èyí tí omi ń ti inú ilẹ̀ wá bá. Àwọn tí a ti lo orúkọ méjèèjì yìí fún nínú kíláàsì kò béèrè ìtumọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Bí píìtì ṣe ń di píìtì

Bí ewé bá jábọ́ nínú igbó wa, ikán, ekòló, olú àti àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí yóò ti sọ ọ́ di ilẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Nínú irà Fínlándì kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kún inú ilẹ̀ dé òkè, ọ́síjìn kò ráyè wọlé, òtútù mú, omi náà sì kan. Ewéko tí ó bá kú níbẹ̀ kì í jẹrà tán. Ó ń gun orí ara wọn lọ́dọọdún, pẹ̀lú ìwọ̀n tí kì í sábà ju mìlímítà kan lọ lọ́dún. Kí ó tó ga tó mítà kan, a jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ọdún ti lọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi katakata gbẹ́ mítà kan kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó kó lọ.

Mọ́ọ̀sì kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Sphagnum ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Kò ní gbòǹgbò. Orí rẹ̀ ń dàgbà sókè, ìdí rẹ̀ ń kú sínú omi. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ewé rẹ̀ ti kú, wọ́n ṣófo, wọ́n sì ní ihò lára. Inú wọn ni ó ń tọ́jú omi sí, débi pé omi tí ó ń gbé lè wúwo tó ìlọ́po 15 sí 20 ara rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í di ojú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun wọn nítorí bí ó ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni pé Sphagnum máa ń gba èròjà bíi káṣíọ̀mù kúrò nínú omi, tí ó sì ń fi ásíìdì dípò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí omi náà kan. Bí omi bá sì ti kan, ọ̀pọ̀ ewéko tí ì bá bá a du ibẹ̀ kò lè dúró mọ́. Ó dà bí àlejò tí ó wọ yàrá tán tí ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Nítorí pé òkú ewéko yìí kò jẹrà, kábọ̀n inú rẹ̀ kò padà sí òfurufú. Irà onípíìtì kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, síbẹ̀ kábọ̀n tí ó wà nínú wọn ju èyí tí ó wà lára gbogbo igi inú igbó àgbáyé lọ. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìyí, ó sì tó iṣẹ́ mìíràn lọ́tọ̀; ewéko ni a dúró lé lórí níhìn-ín.

Irà òjò àti irà ìsun

Bí píìtì bá ga débi tí ó fi yọ ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ, omi ilẹ̀ kò lè dé orí rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó bá ti ojú ọ̀run wá nìkan ni ó kù fún un, èyí kì í sì í kó èròjà púpọ̀ wá. Irà òjò nìyẹn. pH omi rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 4. Ewéko tí ó lè gbé ibẹ̀ kò pọ̀: Sphagnum, koríko olówùú tí wọ́n ń pè ní Eriophorum vaginatum, èso hilla tí àwọn ará Fínlándì fẹ́ràn débi pé wọ́n yà á sí ara owó ẹyọ yúrò méjì wọn, àti Drosera rotundifolia, ewéko kékeré tí ń pa kòkòrò jẹ. Irun wà lára ewé Drosera, oje tí ó ń fà bí oyin sì wà lórí irun náà. Kòkòrò tí ó bá bà lé e kò lọ mọ́. Náítírójìn tí kò rí nínú ilẹ̀ ni ó ń wá lára kòkòrò.

Irà ìsun yàtọ̀. Omi rẹ̀ ti gba inú ilẹ̀ àti àárín òkúta kọjá, ó sì ti kó èròjà dání. Níbi tí òkúta ẹfun bá wà lábẹ́ ilẹ̀, bíi ní agbègbè Kuusamo ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá Fínlándì, omi irà kò kan rárá, ewéko sì máa ń pọ̀ níbẹ̀: ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú koríko, ọ́kíìdì, mọ́ọ̀sì aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò fẹ́ omi kíkan, àti Saxifraga hirculus olódòdó pupa rúsúrúsú bí ẹyin adìẹ, tí ó ti di ohun ọ̀wọ́n ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù. Letto ni àwọn ará Fínlándì ń pe irú irà ìsun olókùúta ẹfun yìí.

Ẹni tí ó bá fi iye nìkan ṣe ìpinnu yóò ní kí a dá letto sí, kí a fi irà òjò sílẹ̀ fún àwọn tí ń wa píìtì.

Àtẹ mẹ́ta

Kí ìṣirò yìí lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ọjà ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Àtẹ mẹ́ta wà níwájú wa. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà, ilá àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà lórí ti àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ni ó wà lórí ìkejì náà, àfi ẹ̀fọ́. Iyọ̀ nìkan ni ó wà lórí ìkẹta. Òjò ti ṣú, àtẹ méjì péré ni a ráyè gbé wọlé. Bí a bá fi iye yan, àtẹ kìíní àti ìkejì ni a ó gbé. Ohun mẹ́fà ni a ó ní, ọbẹ̀ wa yóò sì tẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìkìíní àti ìkẹta ni a gbé, ohun méje ni, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Kò sí ohun tí a fi kún àtẹ oníyọ̀. A kàn wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù ni. Bákan náà ni irà òjò rí: ewéko inú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò lè gbé inú letto. Ẹni tí ó bá kó letto mẹ́wàá jọ tí kò mú irà òjò kan mọ́ ọn kò tíì ní ewéko ẹkùn náà lọ́wọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi irà kọ̀ọ̀kan ni pé kí ni ó fi kún ohun tí a ti ní.

Ẹni tí ń kà á tún ṣe pàtàkì. Irú Sphagnum tí ó wà ní Fínlándì tó nǹkan bíi 40, wọ́n sì pín ilẹ̀ láàárín ara wọn bí àwọn ayálégbé inú ilé kan. Sphagnum fuscum ń gbé orí òkìtì kéékèèké níbi tí ó gbẹ díẹ̀. Àwọn mìíràn kò lè kúrò nínú kòtò omi tí kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ kan lọ. Olùkà tí kò mọ mọ́ọ̀sì yóò kọ «mọ́ọ̀sì, irú kan» sílẹ̀, yóò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé irà òjò kò ní nǹkan kan. A ti rí irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa nípa ìdí àmù àti ògiri ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu.

Bí Fínlándì ṣe pàdánù irà rẹ̀, àti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀, irà ilẹ̀ náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 hẹ́kítà. Wọ́n ti la gọ́tà sí èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Igi ni ilẹ̀ náà ń tà jẹ, igi páìnì tí ó bá wà nínú omi kì í sì í dàgbà. Bí a bá fa omi náà kúrò, yóò dàgbà. Ìrònú tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ń fi owó ran onílẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà sì gbóná débi pé ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960, hẹ́kítà tí wọ́n ń la gọ́tà sí lọ́dún kan súnmọ́ 300,000. Irà tí ó lọ́ràá ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, nítorí ibẹ̀ ni igi yóò ti tètè tóbi. Bẹ́ẹ̀ ni irà ìsun, tí ewéko rẹ̀ pọ̀ jù, fi ṣáájú lọ.

Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ìpínsísọ̀rí irà Fínlándì lélẹ̀ ni A. K. Cajander, onímọ̀ ewéko àti igbó, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1913. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin yìí di olórí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko, ẹ fi èyí gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín níyànjú.) Ewéko tí ó bá wà lórí irà ni ó fi ń mọ irú irà tí ó jẹ́. Ìpínsísọ̀rí yìí ni àwọn onígi fi mọ irà tí ó yẹ kí wọ́n la gọ́tà sí. Òun kan náà ni àwọn tí ó fẹ́ dáàbò bo irà fi mọ ohun tí ń parẹ́.

Ní 1960, Rauno Ruuhijärvi tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí irà àríwá Fínlándì ṣe pín sí ẹkùn ẹkùn. Lápapọ̀, irà òjò tí ó ga ní àárín ni ó gbilẹ̀ ní gúúsù. Irà ńlá tí wọ́n ń pè ní aapa ni ó gba àárín àti àríwá. Ní òkè pátápátá, palsa ni, ìyẹn òkìtì píìtì tí yìnyín kò yọ́ nínú rẹ̀ látọdúnmọ́dún. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ìdáàbòbò irà kalẹ̀ ní 1979 àti 1981, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irà ni wọ́n yàn, wọ́n sì gbìyànjú kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀ níbẹ̀. Lójú tiwa, ọgbọ́n inú ètò náà wà níbi pé wọ́n fi ẹkùn ṣáájú iye.

Síbẹ̀, kò dọ́gba. Púpọ̀ jù nínú irà tí a dá sí wà ní àríwá, ní Lapland, níbi tí igi kì í ti í yára dàgbà tí àwọn onígi kò sì fi bẹ́ẹ̀ du ilẹ̀. Ní gúúsù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irà ni gọ́tà ti wọ̀. Ẹni tí ó bá kó méjèèjì pọ̀ tí ó sì sọ pé Fínlándì ti dá irà púpọ̀ sí kò purọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí olùkọ́ tí ó fi máàkì Ìṣirò bo ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀, tí ó ní ọmọ náà ṣe dáadáa bí a bá pín in dọ́gba. A kò lè fi palsa Lapland san gbèsè irà òjò gúúsù. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò gbogbo irú irà ilẹ̀ náà ní 2018, wọ́n rí i pé ó ju ìdajì lọ nínú wọn tí ó wà nínú ewu, ewu náà sì pọ̀ ní gúúsù ju àríwá lọ.

Omi kò mọ òpó ààlà

Ẹni tí ó bá wo aapa láti òkè yóò rò pé oko tí a kọ ebè sí ni. Ebè rẹ̀ tóóró, mọ́ọ̀sì àti igi kéékèèké sì hù lé e. Omi ni ó dúró nínú poro. Nígbà tí yìnyín bá yọ́ lẹ́yìn òtútù, omi á ṣàn láti orí ilẹ̀ tí ó yí irà ká, á gba inú rẹ̀ kọjá. Omi yìí ni ó ń gbé èròjà wá, òun ni kò sì jẹ́ kí Sphagnum gba gbogbo ibẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ààlà tí wọ́n fà yí irà tí a dá sí ká kò tẹ̀lé ibi tí omi ti ń wá. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òpó, gọ́tà sì wà níbẹ̀. Gọ́tà náà ń gba omi lọ́nà kí ó tó dé inú irà. Kò sí ẹni tí ó fi ọkọ́ kan inú irà fúnra rẹ̀, òfin kò sì rí ẹni mú, bẹ́ẹ̀ ni poro ń gbẹ, tí Sphagnum sì ń bo ibi tí koríko àti mọ́ọ̀sì aláwọ̀ ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfurufú ní ọdún púpọ̀ síra ti fi èyí hàn lórí aapa tí gọ́tà sún mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ irà tí ó wà nínú ìwé òfin nìkan ni a ń kà, a ó sọ pé wọ́n ṣì wà.

Ohun tí ó yẹ kí ètò ẹkùn dì mú, nígbà náà, ni irà pẹ̀lú ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Ó sì yẹ kí ó wo bí irà kan ṣe jìnnà sí èkejì, nítorí ewéko kò rin ìrìn kan náà. Spore mọ́ọ̀sì dà bí eruku, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ jìnnà. Saxifraga hirculus kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ìyá rẹ̀ ni èso rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Bí letto kan bá kú, tí èyí tí ó kù sì wà ní ìrìn ọjọ́ kan sí i, kò sí ohun tí yóò gbé ewéko náà padà wá.

Ilẹ̀ ta ni?

Púpọ̀ nínú irà gúúsù Fínlándì wà lórí ilẹ̀ ogún ìdílé. Àwọn tí bàbá wọn gba owó ìjọba láti la gọ́tà ni wọ́n ń sọ fún lónìí pé kí wọ́n dí i. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá ẹni ṣe ń dun ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, ìgbìmọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò tuntun tí yóò fi irà kún ti 1979 àti 1981, wọ́n sì tọ́ka sí irà tí ó ju 700 lọ tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí iṣẹ́ náà tó parí, ní 2014, mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká kéde pé kò ní jẹ́ ètò tí òfin fi de onílẹ̀ mọ́; ẹni tí ó bá wù ú ni yóò fi irà rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2020 ni ètò kan tí ń jẹ́ Helmi ti ń fi owó bá àwọn tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Àwa gbà pé kò dára kí a já ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú ìfẹ́-inú tí owó kò lè yanjú pátápátá. Bí ó bá jẹ́ irà ẹni tí ó bá gbà nìkan ni a ń mú, àtẹ tí ó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni a ń gbé wọlé, a kò tíì béèrè bóyá iyọ̀ wà lórí rẹ̀. Onílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá kọ̀ láti dí gọ́tà rẹ̀ sì lè gbẹ irà aládùúgbò mẹ́rin tí ó ti gbà. Lójú tiwa, ó yẹ kí owó tí ìjọba ń san pọ̀ sí i fún irà tí ó fi ohun tí kò sí níbòmíràn kún ti ẹkùn, kí wọ́n sì máa bá àwọn tí ó jọ wà lẹ́bàá omi kan náà sọ̀rọ̀ pọ̀, dípò kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó ń padà àti ohun tí kì í tètè padà

Dídí gọ́tà kì í ṣe iṣẹ́ tí ó le láti ṣàlàyé. Wọ́n á gé igi tí ó ti hù, katakata á fi píìtì di gọ́tà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Láàárín ọdún díẹ̀, koríko olówùú á ti padà, Sphagnum á tẹ̀ lé e. Lójú ẹni tí ó ń kọjá lọ, irà ti jí. Mọ́ọ̀sì aláwọ̀ ilẹ̀ ti letto kì í padà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ píìtì tí ó ti gbẹ tí ó sì ti wọlẹ̀ kò gba omi ìsun lójú kan náà mọ́, omi òjò lè jókòó sí orí rẹ̀, Sphagnum á sì dé ibẹ̀ ṣáájú kí ó tún pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, letto tí gọ́tà kò tíì dé inú rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà gọ́tà tí ó wà lókè rẹ̀, ní apá ibi tí omi ti ń bọ̀, kí a tó ronú nípa èyí tí ó ti gbẹ tán ní ogójì ọdún sẹ́yìn.